Dídá Fóònù Tó Ti Kú Mọ̀ Yàtọ̀ sí Àgbẹ̀ Tó Dákẹ́: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Áàpù Iye Owó Kòkó ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni áàpù tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ yìí lé lórí ń ṣe. Láràárọ̀, kí agogo méje tó lù, ó ń sọ iye tí wọ́n ń ra kílò kòkó gbígbẹ kan ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè àti Ilé-Olújì fún àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó gbé iṣẹ́ náà fún wa. Àwa mẹ́ta la ń tọ́jú rẹ̀ ní ọ́fíìsì kékeré kan nítòsí òpópónà Oyèmẹ́kùn. Ẹni tí kò bá mọ ọjà kòkó lè máa wò ó pé kí ni iye owó òòjọ́ fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n láti ọdún 1986 tí ìjọba àpapọ̀ ti tú àwọn àjọ tó ń ra irè oko ká, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń dá iye kan lé kòkó ní Nàìjíríà mọ́. Ní Gánà, ìjọba ló ń kéde iye owó. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjà Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti ti New York, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là sí náírà, ló ń tì í síwá sẹ́yìn. Ní ọdún 2024, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní New York, a rí ọjọ́ tí iye owó yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó ní Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ́ áàpù náà, a fi òfin kan sínú rẹ̀ pé ẹni tí kò bá ṣí i títí di ọ̀sán, kí ètò wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ (SMS) ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ̀, kí ó má baà pàdánù iye owó ọjọ́ náà. Ètò Google ni áàpù wa ń gbà fi ìfitónilétí sójú fóònù, Google kì í sì gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí akápò ẹgbẹ́ gbé ìwé owó àtẹ̀jíṣẹ́ wá síwájú wa, a rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tí a kò gbúròó wọn mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba áàpù náà sórí fóònù rẹ̀ nítorí iṣẹ́ àṣeparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti gboyè jáde, ó ti kúrò nílùú, síbẹ̀ iye owó kòkó Ìdànrè ń tẹ̀ lé e kiri láràárọ̀. Iṣẹ́ tí a gbà nìyẹn: kí a mọ ẹni tí kò lo áàpù mọ́, kí a sì dá ìfitónilétí àti àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: àwọn tókìn tó ti kú

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù. Tókìn ni Google ń pe àmì gígùn tí sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń rán iye owó jáde, ń lò láti mọ ibi tí ìfitónilétí yóò bọ́ sí. Àṣìṣe wa àtètèkọ́ṣe ni pé a mú tókìn gẹ́gẹ́ bí orúkọ ènìyàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Áàpù kan lórí fóònù kan ni tókìn dúró fún: bí àgbẹ̀ bá yọ áàpù kúrò tó tún gbà á padà, bó bá nu gbogbo ohun tí áàpù náà ní nípamọ́ kúrò, tàbí bó bá ra fóònù mìíràn, tókìn tuntun ni yóò gbà, ti àtijọ́ yóò sì wà nínú àkójọ wa bí ilé tí onílé ti kó jáde tí wọ́n ṣì ń kọ lẹ́tà sí. Àwa kò pa ti àtijọ́ rẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọjọ́ tí a rí ẹnikẹ́ni nínú wọn gbẹ̀yìn sílẹ̀.

Èyí tó tún dùn mí jù lọ nígbà tí mo ka kóòdù wa látòkèdélẹ̀ ni pé Google ti ń dá wa lóhùn ní gbogbo àkókò yẹn tí a kò tẹ́tí sí i. Tí sáfà wa bá fi iṣẹ́ rán sí tókìn tó ti kú, èsì 404 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ UNREGISTERED ló ń padà wá. A ń gba èsì náà, a ń kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, a sì tún ń fi iṣẹ́ rán sí tókìn kan náà lọ́jọ́ kejì. A tún ibẹ̀ ṣe: tókìn tó bá mú 404 UNREGISTERED wá, kí ètò pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èsì 400, nítorí ibẹ̀ ni jàm̀bá ńlá lè ti wáyé. INVALID_ARGUMENT ni orúkọ rẹ̀, ó sì lè túmọ̀ sí pé tókìn náà kò bá ìlànà mu, ṣùgbọ́n ó tún lè túmọ̀ sí pé iṣẹ́ tí a fẹ́ rán gan-an ló ní àbùkù. Ọ̀kan nínú wa ti kọ kóòdù tó ń pa tókìn rẹ́ lórí èsì méjèèjì. Nígbà tí a dán an wò lórí àwọn fóònù ọ́fíìsì, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ tó ju báìtì 4,096 lọ sínú iṣẹ́ náà, èyí tí í ṣe òpin ohun tí Google gbà láàyè. Gbogbo fóònù ló mú 400 wá, gbogbo tókìn ìdánwò wa sì pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní orí àkójọ àwọn àgbẹ̀ nìyẹn ti ṣẹlẹ̀, òwúrọ̀ kan péré ni yóò gbà wá láti pàdánù gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, 404 nìkan ló lè pa tókìn rẹ́. 400 ń pe ènìyàn wá wò ó. 429 àti 503 ń túmọ̀ sí pé kí a sinmi díẹ̀ kí a tún gbìyànjú.

Ohun tó kù ni ọjọ́ orí tókìn. Google fúnra rẹ̀ ka tókìn Android (ètò tó ń darí fóònù) sí èyí tó ti kọjá àkókò bí áàpù náà kò bá kàn sí i fún ọjọ́ 270, ó sì gba àwọn tó ń kọ́ áàpù nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fura sí tókìn tó bá ti lé ní oṣù kan tí wọn kò rí i. A fi ọjọ́ sí ara tókìn kọ̀ọ̀kan, a sì ṣètò pé kí áàpù máa fi tókìn rẹ̀ hàn wá nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí i, àti lẹ́ẹ̀kan lóṣù fúnra rẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: òfin ọgbọ̀n ọjọ́

Nígbà tí àwọn tókìn tó ti kú lọ tán, ó ku àwọn ènìyàn. A gbé òfin kalẹ̀ pé ẹni tí kò bá ṣí áàpù fún ọjọ́ 30, a ó ka á sí ẹni tó ti lọ, ìfitónilétí rẹ̀ yóò dúró, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ náà yóò sì dúró. Ó yé wa, ó rọrùn láti kọ, ìlà kóòdù díẹ̀ ni. Owó àtẹ̀jíṣẹ́ wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, akápò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Kò pẹ́ tí Bàbá kan fi wọlé sí ọ́fíìsì wa. Láti abà kan ní ọ̀nà Ìdànrè ló ti wá, ó wé fóònù rẹ̀ sínú ọ̀rá nítorí òjò. Ó ní ọjọ́ mélòó kan nìyẹn tí òun kò rí iye owó mọ́, òun sì ti ta àpò kòkó òun fún ẹnì kan tó wá sí abà, ní iye tí òun gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó kéré sí ti ìlú gan-an. A kí i, a fún un ní ìjókòó àti omi, a sì yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí Bàbá ti ṣí áàpù náà gbẹ̀yìn. Mo sọ ọ́ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ètò wa rò pé ẹ kò lò ó mọ́ ni, sà. Ó wò mí, ó ní:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú fóònù ni mo ti ń ka iye owó láràárọ̀, kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn. Kí ni mo tún fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ wá?”

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ní láti tọrọ rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí kò sí ọ̀nà tí a fi lè dá owó tó pàdánù padà. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ló yí gbogbo iṣẹ́ náà padà. Inú ìfitónilétí gan-an ni a kọ iye owó sí: “Ìdànrè, kílò kan,” lẹ́yìn náà iye rẹ̀, tí a fi nọ́ńbà kọ kí ẹni tí kò mọ ìwé kà dáadáa náà lè dá a mọ̀. Ẹni tó bá ti rí i ti gba ohun tó ń wá. Bí àgbẹ̀ bá ṣe gbẹ́kẹ̀ lé wa tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe jìnnà sí ṣíṣí áàpù tó, òfin wa sì ti ń gé àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé wa jù lọ kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí a tó kúrò ní ọ́fíìsì, a dá gbogbo àwọn tí òfin ọgbọ̀n ọjọ́ dá dúró padà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje: kí ni a lè fi mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà?

Bí ṣíṣí áàpù kò bá ṣeé fi ṣe ẹ̀rí, a ní láti wá ẹ̀rí mìíràn láti inú ìfitónilétí fúnra rẹ̀. Ìdíwọ́ àkọ́kọ́ ni irú iṣẹ́ tí a ń rán. Oríṣi méjì ló wà nínú ètò Google: ọ̀kan tí ètò náà fúnra rẹ̀ ń gbé sójú fóònù nígbà tí áàpù kò sí lójú iṣẹ́, láìjẹ́ kí kóòdù tiwa mọ̀ rárá, àti èyí tó jẹ́ dátà lásán, tí áàpù wa ń gbà tí ó sì ń gbé sójú fóònù fúnra rẹ̀. Oríṣi àkọ́kọ́ ni a ti ń lò. A yí i padà sí ìkejì, kí áàpù lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé “iṣẹ́ òní dé, mo sì ti gbé e hàn.” A fi í sí ipò pàjáwìrì kí ó lè jí fóònù tó ń sùn, ìyẹn kò sì lòdì sí ìlànà níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń yọrí sí ohun tí àgbẹ̀ ń fojú rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, a so àkíyèsí mọ́ yíyọ ìfitónilétí kúrò. Android fàyè gba kí áàpù mọ ìgbà tí ènìyàn fi ìka gbá ìfitónilétí rẹ̀ dànù, ìgbésẹ̀ kékeré yẹn sì ń sọ fún wa pé ọwọ́ ènìyàn alààyè kan wà lórí fóònù náà. Áàpù tún ń bi fóònù léèrè bóyá onífóònù ti pa ìfitónilétí wa. Ẹni tó bá ti pa á ti fún wa lésì tó yéni, a kò sì gbọ́dọ̀ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Láti Android 13 tó jáde ní ọdún 2022 ni áàpù ti ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè kí ó tó lè fi ìfitónilétí hàn, nítorí náà àwọn kan wà tí wọn kò fún wa láyè rí, tí àwa sì ń kà wọ́n mọ́ àwọn tó ti lọ.

Gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí ń kóra jọ sínú fóònù, wọ́n sì ń wá sọ́dọ̀ wa pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, pẹ̀lú báìtì tí kò tó nǹkan. Mo tẹnu mọ́ èyí gidigidi, nítorí owó dátà àwọn àgbẹ̀ ni a fi ń ṣe é, kò sì tọ́ kí ẹni tó ń wá iye owó kòkó máa sanwó kí àwa lè kà á.

Ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ oorun áàpù. Láti Android 12, fóònù ń mú áàpù tí ènìyàn kò bá lò fún oṣù bíi mélòó kan sùn. Áàpù tó bá ti sùn bẹ́ẹ̀ kì í gba ìfitónilétí mọ́, títí kan èyí tó wà ní ipò pàjáwìrì. Fóònù ka fífi ọwọ́ tẹ ìfitónilétí sí ìlò, ṣùgbọ́n kò ka gbígbá a dànù sí ìlò. Ẹ wá wo ipò Bàbá wa láti Ìdànrè: ó ń kà á láràárọ̀, ó ń gbá a dànù, fóònù rẹ̀ sì ń ka oṣù sí i lọ́rùn bí ẹni pé kò mọ̀ wá rí. Bí àwa kò bá tilẹ̀ gé e kúrò, fóònù fúnra rẹ̀ yóò gé e kúrò lọ́jọ́ kan, 404 kankan kò sì ní wá sọ fún wa.

Bọ́tìnì kan ni a fi yanjú rẹ̀. Lábẹ́ iye owó, a kọ “Mo ti rí i” síbẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ojú ewé kankan tí yóò ṣí, ìfitónilétí náà yóò kàn lọ ni. Ṣùgbọ́n fóònù ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lo áàpù náà, àwa náà sì ti rí ẹ̀rí tó dára ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ. A pe àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ní ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi bọ́tìnì náà han àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé. Nínú gbogbo ohun tí a ti ṣe sí áàpù yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ìdànrè

A gbé fóònù mẹ́ta lọ sí Ìdànrè láti wo bí ètò náà ṣe ń ṣe níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró. Láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn, ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan lè gbé ènìyàn kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà bọ́ síbi tí kò sí. A fi fóònù kan sílẹ̀ ní abà fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí a gbé e jáde sí títì, iye owó ọjọ́ mẹ́ta ló wọlé tẹ̀ lé ara wọn, ti ìjẹta sì wà lókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Google ń tọ́jú iṣẹ́ tí kò tíì dé bí ẹni tó rán an kò bá sọ iye àkókò, àwa kò sì sọ ọ́ rí. Ẹ̀rù bà mí, nítorí iye owó tó ti kọjá lè ba ti àgbẹ̀ jẹ́ ju àìrí iye owó lọ. A dín àkókò náà kù sí wákàtí 12, a sì fún iṣẹ́ gbogbo ní orúkọ ìdìpọ̀ kan náà, tó fi jẹ́ pé tuntun ń gba ipò àtijọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì lè wà ní ìdúró.

Ìgbà tí a padà dé Àkúrẹ́ ni a pinnu pé a kò ní ka ọjọ́ mọ́, sáà kòkó ni a ó máa kà. Ìkórè ńlá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, ó sì ń wọ inú ọdún tuntun. Èyí tó kéré wà láàárín ọdún, nígbà tí òjò ti ń rọ̀. Láàárín ìkórè méjèèjì, àgbẹ̀ tó ń ṣán oko tó sì ń fín òògùn kò ní kòkó tí yóò tà, dídákẹ́ rẹ̀ kò sì sọ ohunkóhun. Nítorí náà, ẹni tí a bá rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìkórè kan, a kò ní fọwọ́ kàn án títí ìkórè ńlá tó tẹ̀ lé e yóò fi kọjá. Lásìkò tí kò sí ìkórè, ẹni tó dákẹ́ yóò máa gba iye owó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dípò ojoojúmọ́, yóò sì padà sí ojoojúmọ́ ní ọjọ́ tó bá tẹ bọ́tìnì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í lọ mọ́ nítorí pé ẹnì kan kò ṣí áàpù. Ó ń lọ nìkan bí iṣẹ́ ọjọ́ náà kò bá dé orí fóònù ẹni tí a mọ̀ pé ó wà nínú ìkórè.

Bí ìkórè ńlá bá sì kọjá láìsí ẹ̀rí kankan, a ó béèrè kí a tó dá a dúró: “Ṣé kí a ṣì máa fi iye owó kòkó ránṣẹ́ sí yín?” pẹ̀lú bọ́tìnì “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “Rárá,” àti àtẹ̀jíṣẹ́ ẹyọ kan fún ẹni tí kò rí ti áàpù. Ẹni tó bá ní rárá, ojú ẹsẹ̀ ni yóò dúró. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba àyè tó fi sílẹ̀ padà, ṣùgbọ́n bí òfin kò bá tilẹ̀ sí, rárá tí àgbàlagbà bá sọ ti tó.

“Rárá” náà fún wa ní iṣẹ́ díẹ̀. Ọmọ kan tó ń gbé ní Àkúrẹ́ gba fóònù àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tẹ “Rárá,” bàbá tó wà lóko kò sì rí iye owó mọ́ lórí fóònù tuntun tirẹ̀. A yí i padà kí ó jẹ́ pé tókìn tó wà lórí fóònù yẹn nìkan ni “Rárá” yóò kàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án: ìwé àwọn aṣojú

Kí ètò tuntun tó dá ẹnikẹ́ni dúró, mo ní kí ó kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fẹ́ dá dúró jáde láìṣe ohunkóhun sí wọn. A tẹ orúkọ náà sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ìlú wọn, a sì fún aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ pẹ̀lú bírò. Wọ́n dá ìwé náà padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ti kọ ohun tí sáfà kankan kò lè mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ: eléyìí ti kó lọ sí Èkó, eléyìí ti ta oko rẹ̀, fóònù ìyá yìí bọ́ sínú omi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ́. A ṣe gbogbo àtúnṣe tí wọ́n kọ, a sì fi àyè kan kún àkójọ wa tí aṣojú lè máa kọ ọ̀rọ̀ sí, tí ètò kò lè ta kò.

Lórí ìwé Ilé-Olújì, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan pé ẹni náà ti di olóògbé. Mo fẹ́ yọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ pe aṣojú náà. Ó ní ìyàwó olóògbé ni fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, òun ló ń sá kòkó, òun ló ń tà á, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí áàpù. Mo ní kí ó bá mi bi màmá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Èsì dé ní ìrọ̀lẹ́: wọ́n ní kí a fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kí a máa fi orúkọ tiwọn kí wọn. A yí orúkọ náà padà, iye owó Ilé-Olújì sì wọlé sórí fóònù náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.